Ajá Akin àti Ajá Ojo Nínú Ọgbà Kan ní Abidjan

Ní Abidjan, ìlú tí ọrọ̀ ajé Côte d'Ivoire fi ṣe ibùjókòó, ìdí méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sin ajá: àwọn kan ń sìn ín kí ó máa ṣọ́ ilé, pàápàá ní àdúgbò bíi Cocody àti Riviera tí ilé olódi pọ̀ sí, àwọn mìíràn sì ń sìn ín kí ó máa bá àwọn ọmọ ṣeré. Ìdílé tó bá fẹ́ ohun méjèèjì pọ̀ a máa ra ajá méjì, ọ̀kan fún ẹnu ọ̀nà, èkejì fún inú ilé, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa béèrè ìdí tí ọ̀kan fi ń lé gbogbo ohun tó bá ti mira, tí èkejì sì ń sá wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí àrá bá sán, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló ń fún àwọn méjèèjì lóúnjẹ.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò retí kí ajá méjì jọra. Nínú àlọ́ ọdẹ àti ajá rẹ̀ mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, ọdẹ náà kò sì bá èyí tó ń gbálẹ̀ jà pé kò mọ ènìyàn gé. Àwọn Yorùbá Abidjan, tí ọmọ Èjìgbò pọ̀ gidigidi láàrin wọn, gbọ́ àlọ́ yìí ní kékeré; ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n bá wá ra ajá tiwọn, ajá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n fún èkejì.

Ohun tí à ń sọ níhìn-ín ni ìwà àbínibí, ìyẹn bí ẹranko kan ti máa ń tètè bínú, tètè bẹ̀rù tàbí tètè farabalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, rí i lára àwọn ajá tó fi ń ṣiṣẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí ọ̀kan gbọ́ kíákíá kì í wọ òmíràn létí bọ̀rọ̀, ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, láti orí èyí tí inú rẹ̀ ń yára ru dé orí èyí tí ẹ̀rù kì í tán lára rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1924, omi ya wọ ìlú Leningrad, ó sì wọ ilé tí wọ́n há àwọn ajá náà mọ́, débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí wọ́n tó kó wọn jáde. Lẹ́yìn tí omi fà, àwọn kan ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ wọn, ìró omi lásán sì tó láti kó jìnnìjìnnì bá wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ìwà náà ti ń wá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ọmọ ajá ẹ̀yà márùn-ún ní ọ̀nà kan náà, wọ́n sì kó àbájáde rẹ̀ jọ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Basenji, ajá ọdẹ agbègbè Kóńgò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó, wà láàrin wọn, cocker spaniel náà sì wà níbẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń dọdẹ ẹyẹ, tí ara rẹ̀ sì máa ń balẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn ọmọ basenji ń sá fún ènìyàn, wọ́n sì ń jà raburabu bí a bá dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n bí a ti ń gbé wọn, tí a ń fọwọ́ pa wọ́n lára, ojú wọn wálẹ̀ láàrin àkókò díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí náà ti fi hàn, ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tó jẹ́ ará rẹ̀. Èyí tí kò bá rí ènìyàn títí tó fi kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ó ṣòro kí ọkàn rẹ̀ tó lè balẹ̀ lọ́dọ̀ ènìyàn mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ra ọmọ ajá lẹ́bàá títì láìmọ ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ kò tíì mọ ohun tó rà.

Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn Science gbé jáde ní ọdún 2022 tún fi kún ọ̀rọ̀ náà. Àwọn olùwádìí béèrè ìwà ajá tó ju 18,000 lọ lọ́wọ́ àwọn olówó wọn, wọ́n sì yẹ ohun àjogúnbá inú ara èyí tó ju 2,000 lọ nínú wọn wò, wọ́n wá rí i pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ ìwà tó wà láàrin ajá kan àti òmíràn, nǹkan bíi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni a lè fi ẹ̀yà ajá ṣàlàyé. Ajá ilẹ̀ Jámánì méjì tí a rà ní owó ńlá lè jẹ́ akin kan àti ojo kan, ajá ìgboro tí a kó nílé sì lè fọkàn balẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ.

Àkókò oúnjẹ ni ìyàtọ̀ wọn ń hàn jù. Ajá akin yóò gbé ìrẹsì àti ẹja tirẹ̀ kì, yóò lá abọ́ náà títí yóò fi máa yí nílẹ̀, yóò wá gbé orí sókè wo abọ́ èkejì. Ojo ti dẹ́kun àtijẹun nígbà yẹn: ó ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ahọ́n lá imú, ẹyinjú rẹ̀ funfun létí, ara rẹ̀ sì le gbagidi. Ẹni tó wò ó lókèèrè yóò ní ó ti yó ni tàbí ebi kò pa á, kò sì mọ̀ pé ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Bí èyí kò bá ràn án lọ́wọ́, yóò kùn. Bí wọ́n bá sì nà án nítorí pé ó kùn, wọ́n ti kọ́ ọ láti máa gé ni jẹ láìkìlọ̀. Ìrù jíjù pàápàá kò tó gbára lé, nítorí àwọn onímọ̀ Ítálì fi hàn ní ọdún 2007 pé ajá a máa ju ìrù sí ọ̀tún jù nígbà tó bá rí olówó rẹ̀, sí òsì sì ni nígbà tó bá rí ajá àjèjì tó le. Ojo ni ó yẹ kí àwọn ará ilé máa ṣọ́ ju akin lọ, nítorí ẹ̀rù ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìgéjẹ.

Nínú ilé tí ojúlé púpọ̀ yí àgbàlá kan ká, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní cour commune, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń sáré kọjá, ajá wà lórí ṣéènì láti àárọ̀, àrá àkókò òjò tó máa ń pọ̀ láti oṣù karùn-ún sí ìkeje sì ń sán lé wọn lórí. Bí ajá bá ní ènìyàn lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Ajá ojo tó bá rí akin níwájú rẹ̀ kò tún ní jẹ́ ojo mọ́, àwọn méjèèjì yóò sì jọ lé ọmọdé tí ọ̀kan nínú wọn kò ní dá lé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí a fún wọn lóúnjẹ ní igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a máa mú wọn jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì wá ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ fún ojo láti sùn nígbà òjò, níbi tí akin kò ti lè tọ̀ ọ́ lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò mọ akin yàtọ̀ sí ojo, àwọn méjèèjì ni yóò gbà á. Àrùn yìí ń pa nǹkan bíi 59,000 ènìyàn káàkiri ayé lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ẹni tí ajá bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ sí Institut National d'Hygiène Publique ní Treichville lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdílé tí ọgbà rẹ̀ kò bá sì ní igun méjì tí ajá kan ti lè kúrò lójú èkejì, ajá kan ṣoṣo ti tó wọn.