Fáìlì Òjò 480, Àṣẹ Kan Ṣoṣo

Bí ebè àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì bá tó 480, kì í dúró nídìí ebè kọ̀ọ̀kan láti tún àlàyé ṣe fún alágbàṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa sọ ọ́: bẹ̀rẹ̀ láti ebè àkọ́kọ́, gbin èèbù kan sí i, bò ó, bọ́ sí èyí tó kàn, títí oko yóò fi tán. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò lójoojúmọ́. Lúùpù ni wọ́n ń pè é.

Ní àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, títí kan Ìkọ̀lé àti Odò-Orò, ọ̀rọ̀ òjò ló lè tètè mú lúùpù yé èèyàn. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ lọ́dún 2011 ní ọgbà sí Ìkọ̀lé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ládùúgbò náà láti nǹkan bí ogójì ọdún lè rí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CHIRPS gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California, Santa Barbara, ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe é. Wọ́n ń da ohun tí sátẹ́láìtì rí lójú sánmà pọ̀ mọ́ iye òjò tí wọ́n wọ̀n nílẹ̀. Ọdún 1981 ni àkọsílẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan, fáìlì kan: chirps-v2.0.1981.01.tif ni ti oṣù àkọ́kọ́, 1981.02 ni ti èkejì. Láti ìgbà náà dé òpin 2020, fáìlì 480 ni.

Ta ló máa fọwọ́ ṣí gbogbo ìyẹn? Nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ wọn ló ń gbani. Ọdún àti oṣù nìkan ló ń yí padà níbẹ̀, nítorí náà ètò tí wọ́n fi èdè Python kọ lè fúnra rẹ̀ to orúkọ náà: fún ọdún kọ̀ọ̀kan, fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ṣí fáìlì, mú iye òjò Ìkọ̀lé, kọ ọ́ sílẹ̀, pa fáìlì dé, ó di òmíràn.

Pípa fáìlì dé yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Fáìlì kọ̀ọ̀kan dà bí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ bo apá púpọ̀ nínú ayé, ojú 7,200 ní ìbú, 2,000 ní òró, tí ojú kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ojú mílíọ̀nù 14.4, ẹyọ kan péré ni akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń wá. Tí kọ̀ǹpútà bá tú fáìlì kan ṣoṣo sórí, ó lè gba mẹ́gábáìtì 58. Ẹni tó bá kó gbogbo 480 lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti di ẹrù tó lé ní gígábáìtì 27 fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tí agbára rẹ̀ lè má ju 8 lọ. Ó sì dára kí ètò máa tọ́jú èsì bó ṣe ń ṣí wọn, kó lè jẹ́ pé bí iná bá lọ nídìí fáìlì 300, ìkọkànlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

Àṣìṣe inú irú ètò yìí kì í pariwo. Ní Python, ẹni tó bá kọ range(1, 12) yóò rò pé òun ti ka oṣù méjìlá, ṣùgbọ́n orí 11 ni kíkà náà ti ń dúró. 13 ló yẹ kó kọ. Bí oṣù Ọ̀pẹ ṣe máa sọnù nìyẹn ní gbogbo ogójì ọdún. Ọyẹ́ ló ń fẹ́ nínú oṣù Ọ̀pẹ, òjò rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà àròpọ̀ ọdún kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín, ẹnikẹ́ni lè má fura. Àfi tí ètò bá ń ka fáìlì tó ṣí, tó sì sọ níparí pé 440 ni òun rí.

Èkejì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà tọ́jú èsì oṣù kọ̀ọ̀kan sí fáìlì tirẹ̀, oṣù-1 títí dé oṣù-12. Bí kọ̀ǹpútà bá tò wọ́n bí ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀, 1 ló máa ṣáájú, lẹ́yìn náà 10, 11, 12, kó tó kan 2. Òjò Ọ̀wàrà bọ́ sípò Èrèlé, ti Owewe bọ́ sípò Ọ̀pẹ, Èbìbí sì gbẹ táútáú. Fáìlì kankan kò sọnù, àròpọ̀ ọdún pé pérépéré, kọ̀ǹpútà kò sì rí ohun tó burú. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé inú Èrèlé ni eruku ń sọ, tí iná sì ń jó igbó, wíwò kan ló máa wo àwòrán tí wọ́n bá fi èsì náà yà, tí yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n fi òdo síwájú nọ́ńbà ẹyọ, kí 01 àti 02 lè ṣáájú 10. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fáìlì àkọ́kọ́ nínú CHIRPS fi jẹ́ 1981.01, tí kì í ṣe 1981.1.