Ta Ni Ó Sọ Epo Di Ọ̀wọ́n?

Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, ìgò epo bẹntiróòlù tí ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n ìjọba. Bí epo náà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kpayo, bá wọ́n, a ó ní àwọn ará Kútọnu kò mọ ìlú tukọ̀. Bí ó bá dínwó, a ó ní ààrẹ yìí mà ń gbìyànjú o. Ṣùgbọ́n nígbà tí kpayo fò sókè lójijì ní ọdún 2023, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé kankan ní Kútọnu. Àbújá ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ni Bọ́lá Tinúbú búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Nàìjíríà, ó sì kéde lọ́jọ́ náà gan-an pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà kan tí kò tó 200 náírà ní Èkó ti di 488.

Àwọn ará Nàìjíríà di gbogbo ẹ̀bi náà ru Tinúbú. Wọn kò jẹ̀bi tán, wọn kò sì jàre tán. Ìjọba Buhari tí ó ń kógbá sílé ni kò fi owó ìrànwọ́ náà sínú ìṣirò ọdún 2023 kọjá oṣù Okúdù. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun ni ó yan ọjọ́ tí yóò sọ ọ́, kí ètò ìrọ̀rùn kankan tó délẹ̀ fún mẹ̀kúnnù.

Àwọn àgbà tí ó rántí ọdún 1994 mọ irú rẹ̀. Nicéphore Soglo gorí àléfà ní oṣù Igbe 1991, lẹ́yìn tí àwọn báńkì ìlú ti wó, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgbowó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1994, ní Dakar, wọ́n bu iye sẹ́fà sí méjì: 50 sẹ́fà tí a fi ń gba fránkì ilẹ̀ Faransé kan di 100. Ìpinnu àpapọ̀ àwọn ìlú tí ń ná sẹ́fà ni. Àgbẹ̀ olówùú rí èrè níbẹ̀, nítorí òkè òkun ni òwú ń lọ; ní ti ẹni tí ó ń ra oògùn àti ìyẹ̀fun, ẹkún ni. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1996, Soglo fìdí rẹmi nínú ìbò. Kérékou, ẹni tí àwọn báńkì wó lójú rẹ̀, ni ó padà wọlé. N kò ní í sọ pé ọ̀wọ́n ọjà nìkan ni ó lé Soglo lọ, àmọ́ ta ni kò gbọ́ ìráhùn nípa rẹ̀ nígbà náà?

Patrice Talon náà kò bọ́. Ó búra ní ọjọ́ 6 oṣù Igbe 2016. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń ta ọkọ̀ àlòkù àti ìrẹsì fún ará Nàìjíríà fi ń ké pé oníbàárà ti sá. Ohun tí ó lé oníbàárà ti ń bọ̀ kí ó tó dé: àgbá epo rọ̀bì tí ó ju 100 dọ́là lọ ní àárín ọdún 2014 kò tó 30 ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2016. Nígbà tí Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Okúdù, dọ́là kan kúrò ní 197 náírà, ó sì kọjá 280 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí Yayi Boni bá ṣì wà lórí àléfà, ṣé yóò yàtọ̀ ni?

Èyí kò ní kí a máa wá àwíjàre fún ìjọba. Nígbà tí wọ́n wó àtẹ àti ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ní Kútọnu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, Àbújá kò mọ̀ sí i. Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ wó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bi.

Ti ẹnubodè ni ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní oṣù Ògún 2019, Buhari ti ẹnubodè orí ilẹ̀ Nàìjíríà pa, ó ní nítorí ìrẹsì fàyàwọ́ ni. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹrà mọ́ àgbẹ̀ wa lọ́wọ́, Kútọnu ni a sì ń bú. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2020, wọ́n ṣí ti Sẹ̀mẹ̀, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí mí díẹ̀díẹ̀. Ìdìbò ààrẹ tiwa ku bí oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni ẹ gbọ́ tí wọ́n ń yìn?