Ṣé O Mọ̀? Irin Tó Kán Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn gígùn kan wà tó jẹ́ pé ọta ìbọn ìléwọ́ ló ń yìn? Kábáìnì ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ó ní ìdí tí a ń fi ti èjìká bí ìbọn ọdẹ, àmọ́ ọta kékeré tí ọlọ́pàá ń kì sínú ìbọn ìbàdí rẹ̀ náà ni.

Ṣé o mọ̀ pé ọgbọ́n yìí ti pẹ́? Ní 1873 ni Winchester gbé ìbọn tirẹ̀ tó ń lo ọta .44-40 jáde. Nígbà tó di 1878, Colt ṣe ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ọta kan náà. Darandaran orí ẹṣin kò tún ní láti ru oríṣi ọta méjì kiri mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ẹni tí a kò ka ìbọn léèwọ̀ fún to tirẹ̀ nílé, bí kò bá ti jẹ́ pé títà ló fẹ́ tà á? Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi California, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀pá ìbọn tí a ń fi ti èjìká bá sì kúrú ju íńṣì 16, àfi kí o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin 1934 ni, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 ló sì wà nídìí rẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà máa ń tò ni èyí tó jọ AR-15 ṣùgbọ́n tó ń lo ọta mìlímítà 9. (AR yẹn, orúkọ iléeṣẹ́ ArmaLite ni. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ogun jíjà bí ọ̀pọ̀ ṣe rò.)

Ṣé o mọ̀ pé ọta kékeré yìí lè fìyà jẹ irin inú ìbọn ju ọta ńlá lọ? Nínú AR-15 gan-an, bóòtù, ìyẹn irin tó ń dí ìdí ọ̀pá ìbọn, máa ń yí, á sì há mọ́ ọn kí ọta tó bú. Nínú ọ̀pọ̀ kábáìnì mìlímítà 9, kò sí ohun tó há a. Ìwúwo bóòtù àti agbára sípíríǹgì nìkan ló ń dì í mú. Bí ẹ̀tù bá ti gbiná báyìí, irin wúwo yẹn á fò sẹ́yìn, á gbá ìdí ìbọn, á tún sáré padà wá síwájú. Ìdí nìyí tó fi máa ń ya ẹni tó rò pé ọta kékeré kò lè gbá èjìká lẹ́nu.

Ṣé o mọ irin tó máa ń kọ́kọ́ kán níbẹ̀? Irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń dá bóòtù dúró sẹ́yìn nígbà tí ọta bá tán ni. Ẹni tó ni ín á ra òmíràn, á fi sí i, ìyẹn náà á tún kán, á wá máa bú ẹni tó rọ ọ́. Irin ọ̀hún kò ṣẹ̀. Bóòtù ló ti rìn jìnnà kọjá rẹ̀ sẹ́yìn, tó wá ń fi eré bọ̀ wá kọ lù ú. Ohun tó ń wòsàn ni kí a dín ìrìn bóòtù kù, tàbí kí a fi ìwúwo kún ohun tó ń gbá a dúró lẹ́yìn.

Òòlù inú ìbọn náà ń jìyà ẹlòmíì. Bí abẹ́ bóòtù kò bá bá òòlù yẹn mu, ìgbàkígbà tó bá ń fò sẹ́yìn ni yóò máa gbá a, títí pínnì tó gbé òòlù dúró á fi ṣẹ́ sí méjì.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1785, Thomas Jefferson fúnra rẹ̀ jókòó ní Faransé, ó ń ṣa ẹ̀yà ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú òkìtì, ó sì ń tò wọ́n? Honoré Blanc, alágbẹ̀dẹ ìbọn ará Faransé, ló rọ wọ́n, gbogbo wọn ló sì wọ ara wọn láìfi ayùn ha ọ̀kan. Ìyàlẹ́nu ńlá ni nígbà náà. Nínú kábáìnì mìlímítà 9, a kò tíì lè fi ọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀: màgasíìnì ti Colt àti ti Glock yàtọ̀ síra, ẹ̀yà iléeṣẹ́ kan kì í sì í fìgbà gbogbo bá ti òmíràn rẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti iléeṣẹ́ ìbọn Springfield ní Massachusetts. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ìbọn ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mọ́ àwọn tó ń yìn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí, wọ́n bá a nídìí iná. Àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ló ń fi ojú wo àwọ̀ irin láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, irin gbígbóná kì í pọ́n lójú bíi tọjọ́ tí òjò ṣú, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ sínú iná jù. Julian Hatcher, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìyàtọ̀ náà lè tó ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Irin tó bá jóná báyìí á gan bíi dígí. Títí dòní, wọ́n ń kìlọ̀ fún ẹni tí nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ láti Springfield bá kéré sí 800,000 pé kó má yìn ín. Mo gbà pé àwọn àgbà yẹn mọṣẹ́. Oòrùn ni wọn kò kà sí.

Ṣé o mọ ohùn tó yẹ kó dá ọ dúró lójú ẹsẹ̀? Ọta tó dún pọ́ọ́ dípò gbàù. Orí ọta lè ti há sínú ọ̀pá. Bí o bá yin òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá lè fọ́ yángá. Bí ìbọn bá sì yìn lẹ́ẹ̀méjì nígbà tí o fà á lẹ́ẹ̀kan, ohun kan ti jẹ nínú rẹ̀. Yọ ọta kúrò, má sì tún yìn ín mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé nílé níbí ní Nàìjíríà, òfin ìbọn 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni to irú ìbọn yìí tàbí kó tún un ṣe nínú ilé? Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston àti Maryland, ẹ má sì ki ẹ̀yà ìbọn bọ inú ẹrù tó ń bọ̀ wálé. Láìsí ìwé àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Nàìjíríà.

Fún ẹni tí òfin bá sì gbà láyè: bí irin kan bá kán lẹ́ẹ̀méjì lójú ibì kan náà, má ra ẹ̀kẹta. Gbé ìbọn náà àti àfọ́kù méjèèjì lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn tó níwèé àṣẹ.