Ẹni Tó Fẹ́ Wo Adágún Omi Orí Òkè ní Adó-Àwáyè: Ètò Tó Yẹ Kó Ṣe Kó Tó Kúrò ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́

Lẹ́yìn ìrun àlááṣárì lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ọ̀yọ́ gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Àwòrán Hallstatt ló fẹ́ fi hàn mí, ìlú kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Austria tó wà láàárín òkè àti adágún omi. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 800, ṣùgbọ́n àlejò ń ya wọ ibẹ̀ débi pé ní ọdún 2023 àwọn ará ìlú jáde láti fẹ̀hónú hàn pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní, "Ààfáà, irú ibí yìí ni mo fẹ́ dé kí n tó kú." Mo ṣe àmín sí i. Mo sọ fún un pé owó ìwé físà nìkan tó Yúrò 90, bí wọn kò bá sì fún un, wọn kì í dá owó náà padà. Mo wá bi í pé ṣé ó ti dé Adó-Àwáyè rí. Kò dé ibẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ rèé, ọkọ̀ tó bá gbéra ní Ọ̀yọ́ láàárọ̀ yóò ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn ni Adó-Àwáyè wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí náà. Òkè olókùúta ńlá kan ló yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, orí òkè yẹn ni adágún omi tí wọ́n ń pè ní Ìyákẹ́ wà. Àwọn ará ìlú sọ pé kì í gbẹ, òjò ìbáà rọ̀ kó má rọ̀. Àwọn àgbà wọn a tún máa sọ pé orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé láyé ogun kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, bí ti àwọn ará Ìdànrè náà. Yàtọ̀ sí Ìyákẹ́, adágún míì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláró, àpáta Ìṣàgẹ̀ náà wà níbẹ̀, òkúta gàgàrà tó dá dúró tí wọ́n máa ń fi aṣọ funfun wé.

Ẹ óò kà á káàkiri pé irú omi yìí méjì péré ló wà láyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ẹ má fi ìyẹn dá ara yín láàmú. Omi orí òkè pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára ti Colorado yẹn tó yẹ ká mú lò. Hanging Lake ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 2019, ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ ṣáájú kò lè gun òkè lọ wò ó, ẹni tó bá sì débẹ̀ kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú omi náà, kódà kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tiwa ńkọ́? Ọ̀rá omi àti ike mínírà ni àwa ń fi sílẹ̀ sétí Ìyákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò gùn. Láti Ọ̀yọ́ dé Ìṣẹ́yìn kò tó kìlómítà 45, láti Ìṣẹ́yìn dé Adó-Àwáyè sì tó nǹkan bí 20. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba Ọ̀yọ́ kọjá, ó sì lè gba ọ̀nà Fápòtè tó já sí Ìṣẹ́yìn tààrà láìfojú kan Ọ̀yọ́. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀, kó wọ ọkọ̀ dé Ìṣẹ́yìn, kó wá wọ òmíràn níbẹ̀. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ háyà bọ́ọ̀sì ní àlọ àti àbọ̀, kí ẹ sì bá awakọ̀ sọ ọ́ yanjú láti ilé pé yóò dúró dè yín. Mo ti rí àwọn tó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ní ìrọ̀lẹ́ tí wọn kò rí ọkọ̀ kankan mọ́.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe. Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, a kó àwọn ọmọ ilé kéwú wa lọ, wọ́n tó ọgbọ̀n. A ní kí a jẹun ká tó lọ, a ní kí a dúró de lágbájá, aago mẹ́sàn-án ti kọjá ká tó kúrò ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí a fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, oòrùn ti kan àtàrí. Èmi ni mo sọ pé kí wọ́n fi omi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ọwọ́ àwọn ọmọ lè fúyẹ́. Àtẹ̀gùn oníkankéré tó wà níbẹ̀, àwọn tó kà á sọ pé ó jẹ́ 369. A gùn ún tán pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìparí àtẹ̀gùn kọ́ ni ìparí òkè: ẹ ṣì máa rìn lórí àpáta gbalasa kí ẹ tó dé ibi omi, àpáta náà yóò sì ti gbóná bí agbada. Ibẹ̀ ni òòyì ti kọ́ ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ. Ó jókòó, kò lè sọ̀rọ̀. Omi tí ọkùnrin afinimọ̀nà gbé sápá ni a fi rẹ̀ ẹ́, òun náà ló sì pọ̀n ọ́n sábẹ́ igi. Ara ọmọ náà balẹ̀, àlhàmdúlílàhì, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún ìyá rẹ̀ ká ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ará Ọ̀yọ́, bí ẹ bá ti kírun àsùbá tán, ẹ gbéra. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ sínú ọkọ̀ ni. Kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ kí ìrun àyìlá tó tó. Kí olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀ dání. Bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ sálúbàtà. Ìyá tó bá wọ jálábíà gígùn, kó rí i pé kò wọ́lẹ̀, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Ní ti oṣù, Nófẹ́ńbà ni mo fẹ́ràn jù: òjò ti ń lọ, àpáta ti gbẹ, ewéko ṣì tutù. Nígbà òjò, àpáta a máa yọ̀. Nígbà ọyẹ́ líle, kùrukùru kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìlú nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni adùn orí òkè.

Ẹ má gùn ún láìmú ẹni tó mọ̀nà dání. Ọmọ ìlú ni wọ́n, ní ìsàlẹ̀ òkè ni ẹ óò ti rí wọn. Owó wọn àti owó ìwọlé kì í dúró sójú kan, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ sì mú owó tútù lọ́wọ́. Wọn yóò sọ ìtàn fún yín nípa Ìyákẹ́ àti Ìṣàgẹ̀. Àwọn kan nínú ará ìlú ka ibẹ̀ sí ibi ìbọ, àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà ń gun òkè yẹn lọ gbàdúrà. Ẹ tẹ́tí sí ìtàn bí ìtàn, ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má tú aṣọ ara Ìṣàgẹ̀ nítorí àtiya fọ́tò. Ṣùgbọ́n mùsùlùmí tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dání láti lọ bu omi tí yóò fi wá ọmọ tàbí ọjà, ẹ jọ̀ọ́, kó dúró sílé. Mo ti rí wọn, mo sì ti bá wọn sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrun ni wọ́n máa ń bi mí jù. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ fi nǹkan bí kìlómítà 80 lọ sí ìrìn-àjò tí ènìyàn fi lè dín ìrun onírákáà mẹ́rin kù sí méjì. Ará Ọ̀yọ́ kò tó bẹ́ẹ̀, kó kírun rẹ̀ pé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà yòówù kó gbà, ó lè dín in kù. Bí ẹ bá jọ lọ ńkọ́? Bí lèmọ́ọ̀mù bá jẹ́ ará Ọ̀yọ́ tàbí ará Adó-Àwáyè, mẹ́rin ni gbogbo yín yóò kí. Bó bá jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kí méjì, tó sì sálámà, kí ará Ọ̀yọ́ dìde parí tirẹ̀. Àwọn onímímọ̀ kan wà tí wọn kò fi iye kìlómítà dè é, n kò ní bá ẹni tó ń tẹ̀lé wọn jà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ yóò di méjì mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ mú ọjọ́ Sátidé.

Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lọ́nà Òkè Ògùn. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, ẹ máa bọ̀.

Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn nítorí ojú ayé. Kó dúró ní Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òkè, kí ẹ wá gbé e nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ìyá kan tó bá wa lọ nígbà kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa gbé fọ́tò bọ̀, òun gbé gèlè méjì.