Ẹ̀mí Gígùn, Ọdún Ìlera: Bí Ọjọ́ Ogbó Ọkùnrin Ṣe Yàtọ̀ sí ti Obìnrin

Iye ọdún tí ènìyàn lò láyé ọ̀tọ̀, iye tó fi ara líle lò nínú rẹ̀ ọ̀tọ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera a máa ṣírò méjèèjì. Ìṣirò àkọ́kọ́ ń sọ iye ọdún tí a lè retí pé ọmọ tí a bí lọ́dún kan yóò gbé, bí ikú kò bá yí ọwọ́ tó fi ń pa ènìyàn lọ́dún náà padà. Ìkejì ń yọ àwọn ọdún tí àìsàn àti àìlera yóò jẹ lára rẹ̀ kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ọdún ìlera.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ṣírò rẹ̀, ìpíndọ́gba ẹ̀mí ènìyàn ní gbogbo ayé jẹ́ ọdún 66.8 ní ọdún 2000, ọdún ìlera sì jẹ́ 58.1. Nígbà tó fi di 2019, ẹ̀mí ti gùn dé 73.1, ọdún ìlera sì ti dé 63.5. Àrùn kòrónà fa méjèèjì wálẹ̀ sí 71.4 àti 61.9 ní 2021. Láàárín 2000 sí 2019, méjèèjì ló lọ sókè, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ láti ọdún 8.7 dé 9.6. Ìmọ̀ ìṣègùn ti ń ti ikú sẹ́yìn, àmọ́ kò tíì lè ti àìlera sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ọ̀nà ìṣirò tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni èyí tí Daniel Sullivan, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1971. Kò le púpọ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn pé àádọ́rin ọdún, tí gbogbo wọn sì gbé ọdún márùn-ún sí i láìkú: àròpọ̀ ọdún tí wọ́n lò jẹ́ 500. Bí ìwádìí bá fi hàn pé ẹnì kan nínú márùn-ún ni àìlera ń dí lọ́wọ́ ní ọjọ́ orí yẹn, ọdún 400 péré ni a ó kà sí ọdún ìlera. Báyìí ni wọn yóò ṣe fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọn yóò sì pín in fún iye ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti nira ni pé kí a mọ ẹni tí àìlera ń dí lọ́wọ́. Ní 1963, oníṣègùn Sidney Katz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la iṣẹ́ mẹ́fà sílẹ̀ tí ẹni tí ara rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣe: wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde láti orí ibùsùn tàbí àga, dídá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, àti jíjẹun. Ní 1969, Powell Lawton àti Elaine Brody fi àwọn iṣẹ́ tó gba làákàyè díẹ̀ sí i kún un, bíi lílọ ra nǹkan, dídáná, ṣíṣe ètò owó, lílo oògùn bó ṣe tọ́ àti lílo tẹlifóònù. Ìwọ̀n kejì yìí ní wàhálà tirẹ̀. Bàbá tí kò dáná rí láyé rẹ̀ kò lè dáhùn bóyá agbára àtidáná ti tán lára òun. Nítorí èyí, àwọn olùwádìí a máa ya iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè ṣe mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kì í ṣe ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè náà sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Jàpáánì, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn bóyá ìlera rẹ̀ ń dí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní Yúróòpù, wọ́n ń béèrè nípa ìdíwọ́ tó ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Kò tọ̀nà, nígbà náà, láti gbé iye ti orílẹ̀-èdè kan sí ẹ̀gbẹ́ ti òmíràn bí ẹni pé ìwọ̀n kan náà ni.

Obìnrin ń pẹ́ láyé, àìlera sì ń pẹ́ lára wọn

Ní Jàpáánì lọ́dún 2019, ìpíndọ́gba ẹ̀mí ọkùnrin jẹ́ ọdún 81.41, ti obìnrin jẹ́ 87.45. Ọdún ìlera ọkùnrin jẹ́ 72.68, ti obìnrin 75.38. Obìnrin fi ọdún mẹ́fà pẹ́ ju ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n kò tó ọdún mẹ́ta tó jẹ́ ọdún ìlera nínú rẹ̀. Àìlera ń bá ọkùnrin gbé fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ń bá obìnrin gbé fún ọdún méjìlá. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́dún 2020, ọdún ìlera obìnrin jẹ́ 64.5, ti ọkùnrin 63.5. Ọdún kan péré ni ìyàtọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ibẹ̀ fi ọdún tó lé ní márùn-ún pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ.

Ohun tó fa èyí ni pé àrùn tó ń pani kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àrùn tó ń dáni gúnlẹ̀. Àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, sìgá, ọtí àti jàǹbá ló ń tètè mú ọkùnrin lọ. Àwọn tó ń ṣe obìnrin jù kì í sábà pani: làkúrègbé inú orúnkún, egungun tó ń fẹ́lẹ́, ìtọ̀ tí kò ṣeé dá dúró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, èròjà estrogen á wálẹ̀ lára obìnrin, egungun rẹ̀ á sì máa yára pàdánù agbára. Ìṣubú kékeré nínú balùwẹ̀ lè wá ṣẹ́ egungun ìbàdí, ọ̀pọ̀ tó bá sì ṣẹ́ fún kì í lè rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé náà tún wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, ọkọ ló ń dàgbà ju ìyàwó lọ, òun ló sì ń kọ́kọ́ kú. Ọkùnrin tí àìsàn dá gúnlẹ̀ sábà máa ń ní ìyàwó tí yóò tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí yóò bá kan obìnrin náà, ó ti di opó, ọwọ́ ọmọ tàbí aládùúgbò ló ń wò.

Ṣé bí ẹ̀mí bá ń gùn, àìsàn yóò máa pọ̀ ni?

Ìbéèrè yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ọjọ́ pẹ́. Ní 1977, Ernest Gruenberg sọ pé oògùn ń mú àwọn tí àìsàn ìbá ti pa wà láàyè, pé ìdí nìyẹn tí ọdún àìlera fi ń gùn sí i. Ní 1980, James Fries sọ òdìkejì rẹ̀: bí àwọn ènìyàn bá tọ́jú ara wọn, ọjọ́ tí àìlera yóò bẹ̀rẹ̀ á sún síwájú ju ọjọ́ ikú lọ, àkókò àìsàn á sì kúrú. Ní 1982, Kenneth Manton dúró sáàárín: ọdún àìlera lè pọ̀, ṣùgbọ́n kí àìlera náà fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Kò sí èyí tó ṣẹ níbi gbogbo.

Nílẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbàlagbà Yorùbá wà lára àwọn tí a ti ṣèwádìí wọn dáadáa nílẹ̀ Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ láti Fásitì Ìbàdàn àti Fásitì Indiana fi àwọn tó ti pé ọdún 65 ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, àrùn ṣíṣarán ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn àti 3.24 ní Indianapolis. Láti 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àgbàlagbà tó lé ní 2,000 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí Yorùbá ti pọ̀, wọ́n sì bi wọ́n léèrè nípa irú iṣẹ́ òòjọ́ tí Katz àti Lawton là sílẹ̀.

Àyíká tí ènìyàn ń gbé lè fi kún àìlera tàbí kí ó dín in kù. Orúnkún kan náà tó ń dun ìyá àgbà kò ní dí i lọ́wọ́ púpọ̀ níbi tí omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alájòkòó wà. Níbi tó ti gbọ́dọ̀ fami nínú kànga, kó lóṣòó sí ṣáláńgá, kó sì gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, orúnkún náà ti tó láti sọ ọ́ di ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe.

Ohun tó ń dín ọdún àìlera kù

Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti lílo oògùn rẹ̀ déédéé ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ń la ojú tí ẹyin rẹ̀ ti funfun. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì, bíi rírìn kíákíá, kó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára tó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró gírí, nítorí ìṣubú.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Láti 2000 ni Jàpáánì ti dá ètò adójútòfò ìtọ́jú àgbà sílẹ̀: ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún á máa dá owó sí i, kí ó lè rí olùtọ́jú nígbà ogbó. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ẹ̀ka ìtọ́jú àgbàlagbà rẹ̀ ní 2012, wọ́n sì ṣòfin àjọ tí yóò máa mójú tó àwọn àgbàlagbà ní 2018.

Nítorí náà, ètò ìlera tó bá fẹ́ gba tọkùnrin tobìnrin kò lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ti ọkùnrin ní láti dojú kọ sìgá, ọtí, jàǹbá àti àrùn ọkàn ṣáájú ọjọ́ ogbó, kí ó má bàa kú kí ọjọ́ ogbó tó dé. Ti obìnrin ní láti dojú kọ egungun, orúnkún, ojú àti ìtọ́jú opó, kí àwọn ọdún tó fi pẹ́ ju ọkọ rẹ̀ lọ lè jẹ́ ọdún ìlera.