OMI WO NI Ó YẸ LÁTI FI YỌ EPO ÀGBỌN?

Igi àgbọn pọ̀ ní etíkun Àgbádárìgì, omi lásán ni àwọn obìnrin ibẹ̀ sì fi ń yọ epo rẹ̀. Wọn a rin àgbọn, wọn a bu omi sí i, wọn a fún un, wọn a sì sẹ́ ẹ. Bí ọ̀rá bá ti léfòó lórí omi funfun náà, wọn a gbé e ka iná títí omi yóò fi gbẹ tí epo yóò sì dá dúró. Ṣùgbọ́n omi kì í yọ́ epo. Gbígbé ni ó ń gbé e jáde. Nítorí náà epo tí kò kéré a máa ṣẹ́kù sínú àgbọn tí wọ́n ti fún.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe epo sóyà kò fẹ́ irú àdánù bẹ́ẹ̀. Hexane ni wọ́n ń lò, omi kan tí ó mọ́ gaara, tí ó ti inú epo rọ̀bì wá. Ó ń yọ́ epo sínú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ṣẹ́kù. Ní ìwọ̀n ooru 69 ni ó ti ń hó, nígbà tí omi ń dúró di 100. Wọn a sì gba oru rẹ̀ padà láti tún un lò.

Ewu rẹ̀ wà nínú oru náà. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. A máa rìn nílẹ̀ títí yóò fi kan iná. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, ọdún 1981, hexane jò láti ilé-iṣẹ́ epo sóyà kan wọ inú ọ̀nà omi ẹ̀gbin lábẹ́ ìgboro Louisville ní Amẹ́ríkà. Iná bíńtín láti ara mọ́tò kan ràn mọ́ ọn, òpópónà tí ó gùn ju máìlì méjì lọ sì bú gbàmù. Ẹni tí ó bá sì ń fà á símú lójoojúmọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa kú tipiri. Ó ṣe àwọn tí ń lẹ bàtà ní Japan bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969.

Àwọn onímọ̀ ti ń wá àrọ́pò rẹ̀. Ọtí líle tí wọ́n ṣe láti inú ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ kì í ba iṣan jẹ́ bí hexane. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó yọ́ epo dáadáa, omi kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. (Ògógóró kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.) Òmíràn ni 2-methyloxolane, tí wọ́n ń ṣe láti inú pòròpórò ìrèké àti kùùkù àgbàdo, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gbà á fún yíyọ epo jíjẹ ní ọdún 2023.

Síbẹ̀, gbogbo wọn ni iná ń ràn. Kò sí èyí tí ó yẹ kí ó wọ àgbàlá tí wọ́n ti ń fi igi dáná. Ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ lè fún púpọ̀ nínú epo àgbọn gbígbẹ jáde láìlo ọ̀kankan nínú wọn, ìyókù rẹ̀ tí epo díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ a sì di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀.