Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ ní Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Nínú yàrá tí àwọn dókítà ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ tí kò dé etí ẹni tí a sọ ọ́ fún lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Nítorí èyí ni àwọn ilé-ìwòsàn kan ní òkè òkun fi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí yàrá náà, kí wọ́n lè mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dókítà kan ṣoṣo ni í ṣe iṣẹ́ abẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń lo ọ̀bẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbákejì rẹ̀. Dókítà tí ó fún aláìsàn ní oògùn oorun, tí ó sì ń ṣọ́ èémí rẹ̀, wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń na irinṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ, òmíràn ń lọ, ó ń bọ̀, láti mú ohun tí a bá béèrè wá. Gbogbo wọn fi aṣọ bo imú àti ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń dún. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ní, “Ẹ bá mi mú ẹ̀jẹ̀ wá,” láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, olúkúlùkù lè rò pé ẹlòmíràn ti lọ. Bí nọ́ọ̀sì kékeré bá rí i pé òwú tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀ kò pé iye, tí ó sì ń bẹ̀rù láti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, òwú náà lè wà nínú ikùn aláìsàn nígbà tí a bá rán an tán.

Ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn olùwádìí kan jókòó ti iṣẹ́ abẹ 48, wọ́n sì ń ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn sọ. Ní ọdún 2004 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú ìgbà 421 tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìgbà 129 ni ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó: òmíràn pẹ́ jù, òmíràn kò kún, òmíràn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ.

Inú ọkọ̀ òfurufú ni a ti mú ọgbọ́n gbígba ohùn sílẹ̀ yìí wá. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, David Warren, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn àwọn awakọ̀ òfurufú sílẹ̀, kí a lè mọ ìdí rẹ̀ bí ọkọ̀ bá já. Ní ọdún 1977, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì kọlu ara wọn ní pápákọ̀ Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ti béèrè bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lọ́nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń sáré lọ. Ẹni náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 2014 ni Dókítà Teodor Grantcharov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn St. Michael’s, ní Toronto. Ẹ̀rọ náà ń gba ohùn, ó ń ya àwòrán, ó sì ń tọ́jú iye tí àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ aláìsàn ń kà. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 132 wò, wọ́n rí i pé ariwo tí ó lè fa ọkàn òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bíi ti ilẹ̀kùn àti ti ẹ̀rọ, a máa dún ní nǹkan bí ìgbà 138 nínú iṣẹ́ abẹ kan.

Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bẹ̀rù pé a ó fi ohùn wọn pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn aláìsàn pẹ̀lú kò fẹ́ kí àṣírí ara wọn tú. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Nítorí náà ni a fi ń bo ojú àwọn tí ó wà nínú àwòrán, tí a sì ń yí ohùn wọn padà. Bí a bá sọ ẹ̀rọ náà di pàṣán, gbogbo ẹnu yóò dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì gan-an ni ohun tí ń pa aláìsàn.

Kò di ìgbà tí a bá ní ẹ̀rọ kí ọ̀rọ̀ tó lè gún. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tí ó ní kókó 19. A ó máa kà á sókè kí a tó fún aláìsàn ní oògùn oorun, kí a tó fi ọ̀bẹ kàn án, àti kí a tó gbé e kúrò ní yàrá. Olúkúlùkù yóò sọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, ti àgbà ti ọmọdé. A ó sì ka irinṣẹ́ àti òwú. Ní ìlú mẹ́jọ tí a ti dán an wò, tí Ifakara ní ilẹ̀ Tansaníà wà lára wọn, àwọn tí ń kú dín láti 15 nínú 1,000 sí 8. Ọdún 2009 ni ìròyìn rẹ̀ jáde.

Aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ ní ipa tiwọn pẹ̀lú. Bí a bá béèrè orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí a sì tún béèrè ẹsẹ̀ tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí, bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì, ẹ má ṣe bínú. Ẹ dáhùn ketekete, kí ẹ sì dárúkọ oògùn tí kò bá ara yín mu. Bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ béèrè. Kò sí àrífín nínú rẹ̀.